Ìyá Tó Fẹ̀yìn Tì Ni Ìlú Ń Fẹ̀yìn Tì

Bí òṣìṣẹ́ ìjọba bá pé ọmọ ọgọ́ta ọdún, tàbí tí ó bá ti lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, wọn yóò kọ lẹ́tà fún un pé ó tó gẹ́ẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á dá owó jọ, wọ́n á ra aago ara ògiri fún un, wọ́n á se ìrẹsì, wọ́n á ya fọ́tò, ó parí. Láti ọjọ́ náà lọ, ọ̀rọ̀ pẹ́ńṣàn nìkan ni à ń bá a sọ. Ìfẹ̀yìntì ni à ń pe ìyẹn, bí ẹni pé èèyàn kàn jókòó, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń wo àwọn tó ń kọjá lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè o. Ìyá tó ń ta gààrí ní Ọjà-Ọ̀dàn, èyí tó ń mọ ìkòkò, èyí tó ń gbé aṣọ láti Kútọnu gba Ìdírókò wọlé, ta ni yóò kọ lẹ́tà fún wọn? Ọjọ́ wo ni wọ́n fẹ̀yìn tì? Bí wọ́n bá sì wá fẹ̀yìn tì, ipò wo ni ìlú ń fi wọ́n sí?

Àwọn ará ilẹ̀ Yewa ti dáhùn ìbéèrè yìí tipẹ́tipẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tí ń jẹ́ pẹ́ńṣàn. Wọn kò kọ ọ́ sínú ìwé. Wọ́n gbẹ́ ẹ sí igi, wọ́n gbé e lérí, wọ́n sì ń jó o. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni mò ń sọ. Bí a ti ń yẹ eré orí ìtàgé tàbí fíìmù wò, bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ yẹ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wò lónìí. Kí ni ó ń sọ nípa obìnrin tó ti dàgbà? Níbo ni ó ti sọ ọ́ dáadáa? Níbo ni àwa tí à ń ṣe é, tí à ń wò ó, tí à ń kọ̀wé nípa rẹ̀, ti ń ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́?

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èkó àti Ìbàdàn tí ẹ kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa rí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ júwe ilé. Ilẹ̀ Yewa yìí ni à ń pè ní Ẹ̀gbádò tẹ́lẹ̀, kí a tó yí orúkọ padà ní 1995. Ìlaròó, Ayétòrò, Òkè-Ọ̀dàn, gbogbo wọn ló wà lápá ibẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ní 1889, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ìlà sórí ilẹ̀ wa láìbi wá. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, orílẹ̀-èdè Benin ni ó wà títí dòní. Ìmẹ̀kọ tí í ṣe ọmọ Kétu bọ́ sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀gbọ́n di ará ìhín, àbúrò di ará ọ̀hún. Ṣùgbọ́n Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kò mọ kọ́sítọ́ọ̀mù. Kétu ni ọ̀pọ̀ ìtàn sọ pé ó ti ṣẹ̀ wá, ó sì gba gbogbo ilẹ̀ Yewa kan. Nígbà tí àjọ UNESCO kéde rẹ̀ ní 2001 pé ó wà lára ohun iyebíye tí aráyé jogún, tí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé wọn ní 2008, orílẹ̀-èdè mẹ́ta ni wọ́n kọ ọ́ mọ́: Benin, Nàìjíríà àti Tógò.

Àwọn àgbà wa kò dúró de UNESCO. Wọ́n ti sọ ọ́ pé ojú tó bá rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dé òpin ìran.

Ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń ṣe é ná. Òru ni Ẹ̀fẹ̀, àárín ọjà ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Kí ló dé tí kì í fi í ṣe iwájú ààfin? Ọjà ni ọ́fíìsì obìnrin ilẹ̀ wa. Ibẹ̀ ló ti lo ogójì ọdún, ibẹ̀ ló ti mọ ẹni tó jẹ gbèsè, ẹni tó ń purọ́, ẹni tí ọkọ rẹ̀ kò fún lówó oúnjẹ. Nígbà tí orúnkún kò bá gbé e dé ọjà mọ́, ọjà yẹn náà ni ìlú ti ń júbà fún un. Lójú tèmi, ọgbọ́n àkọ́kọ́ tó wà nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ nìyẹn. Wọn kò mú ìyá àgbà kúrò níbi iṣẹ́ rẹ̀ lọ jókòó sí ìyẹ̀wù. Ibi iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni wọ́n sọ di ibi ọlá rẹ̀.

Ìlú kọ̀ọ̀kan ní bó ṣe ń to eré rẹ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe sábà máa ń rí nìyí. Èyí tó ń gbálẹ̀ agbo yóò kọ́kọ́ jáde. Èyí tó gbé iná sórí yóò tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, wọn yóò ní kí gbogbo iná kú. Nínú òkùnkùn biribiri yẹn ni Ìyánlá yóò ti jáde, pẹ̀lú aṣọ funfun tó ń wọ́lẹ̀, tí ó tẹ̀ kóló, tí ó ń rìn díẹ̀díẹ̀ bí arúgbó. Ère tó gbé sórí ní irùngbọ̀n gígùn pẹlẹbẹ.

Obìnrin tó ní irùngbọ̀n kẹ̀? Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò. Àmì àgbà ni irùngbọ̀n. Ohun tí agbẹ́gilére ń sọ ni pé obìnrin yìí ti kọjá ibi tí à ń ti pín ènìyàn sí akọ àti abo. Ó ti bímọ tán, ó ti tọ́ ọ tán, ó ti tajà, ó ti sin òkú, ó ti gbé ìyàwó wọlé fọ́mọ. Kò sí ẹni tó lè sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni eléyìí, kó dákẹ́. Ẹ sì kíyè sí i pé wọn kò gbẹ́ ẹ bí ọmọge. Wọn kò pa ọjọ́ orí rẹ̀ mọ́, wọn kò kùn ún kó lè dà bí ẹni ogún ọdún. Ó tẹ̀, ó ń rìn jẹ́jẹ́, gbogbo ìlú sì pa lọ́lọ́ nítorí rẹ̀. Mo ti wo fíìmù tó pọ̀ láyé mi, n kò tíì rí èyí tó fún arúgbó obìnrin ní irú àyè bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn Ìyánlá ni Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ yóò jáde wá kọrin. Níbí ni eré ti ń dùn! Ó máa bú olè, ó máa bú alágbèrè, ó máa bú olóyè tó ń ta ilẹ̀ onílẹ̀, kò sì ní fi olóṣèlú sílẹ̀. Àwọn èrò á máa rẹ́rìn-ín, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn á máa wolẹ̀. Iṣẹ́ tí àwa oníwèé ìròyìn ń ṣe náà ni, àwa kàn ń fi bíbélì àti ọ̀bẹ bẹ̀rù ilé ẹjọ́ ni. Kí ló fún olórin Ẹ̀fẹ̀ ní àyà? Kí ó tó bú ẹnikẹ́ni, ìbà ló máa kọ́kọ́ jú. Ó máa júbà àwọn òrìṣà, ó máa júbà àwọn ìyá. Abẹ́ àṣẹ àwọn ìyá ló dúró sí. Ẹni tó bá fẹ́ fìyà jẹ ẹ́ lọ́la nítorí orin rẹ̀, àwọn ìyá ló ń bá jà.

Ẹ tún wo ẹni tó di àṣẹ yẹn mú. Ìyálàṣẹ ni olórí ẹgbẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Obìnrin tó ti dàgbà ni, tó ti kọjá ìgbà ọmọ bíbí. Òun ni ojúbọ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í kọrin, kì í gbé ère, kì í jó lójú agbo bí àwọn ọ̀dọ́. Ẹni tí kò bá fojú inú wò ó á ní ó kàn jókòó ni, ó ti fẹ̀yìn tì. Bẹ́ẹ̀ láìsí òun, olórin kò lẹ́nu, oníjó kò lẹ́sẹ̀. Ìdí tí mo fi sọ pé ìyá tó fẹ̀yìn tì ni ìlú ń fẹ̀yìn tì nìyẹn. Ẹ̀yìn tirẹ̀ ni ògiri.

Bí ilẹ̀ bá mọ́, ijó ọ̀sán dé. Ọkùnrin ni wọ́n, méjì-méjì, wọ́n fi aṣọ di ọmú, wọ́n di ìdí bẹ̀ǹbẹ̀, wọ́n so irin mọ́ ẹsẹ̀, tí ẹsẹ̀ bá sì lọ, ìlù gbọ́dọ̀ bá a mu láìyẹ̀. Lórí wọn, ẹ̀yin á rí ère oríṣiríṣi: ẹyẹ àti ejò tó ń jà, ẹ̀rọ ìránṣọ, alùpùpù, kódà ọkọ̀ òfurufú. Gbogbo ayé ni wọ́n gbé ka orí obìnrin. Àwọn àlejò máa ń ya fọ́tò ère, ère náà ni wọ́n máa ń rà. Ṣùgbọ́n èmi ń pe àfiyèsí yín sí aṣọ. Gèlè àti ìró tí wọ́n fi di oníjó yẹn, ọwọ́ àwọn obìnrin ni wọ́n ti yá a. Gèlè ìyá kan, ìró ìyàwó ẹ̀gbọ́n, ọ̀já tí wọ́n fi pọn ọmọ. Ọkùnrin tó ń jó lọ́ọ̀ọ́kán yẹn, aṣọ obìnrin ogún ló dì í mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá gba aṣọ wọn lára rẹ̀, ìhòòhò ló kù.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ti kọ̀wé lórí èyí. Henry John Drewal àti Margaret Thompson Drewal tẹ ìwé tiwọn jáde ní 1983, wọ́n fi hàn pé agbára obìnrin ni ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Lawal, ọmọ tiwa, gbé tirẹ̀ jáde ní 1996, ìrẹ́pọ̀ ìlú ló sì tẹnu mọ́. Ìwé gidi ni méjèèjì. Ẹ̀sùn tí mo ní kì í ṣe sí àwọn. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn ni mo bínú sí, tí wọn á kọ ìlà mẹ́ta pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jẹ́ ijó tí wọ́n fi ń tu àwọn àjẹ́ lójú, wọ́n á sì dúró síbẹ̀. Bí a bá ní ẹ̀rù nìkan ni ó wà níbẹ̀, a ti purọ́. Ẹni tí à ń bẹ̀rù nìkan, a kì í yá aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀. A kì í gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀ láti fi tún ìlú ṣe. Lóòótọ́, àwọn àgbà kò sẹ́ pé agbára obìnrin lè kọ́ ilé, kó sì wó o. Agbára wo ni kò rí bẹ́ẹ̀? Ṣebí ti ọba náà rí bẹ́ẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ má baà dà bí àlọ́, ẹ jẹ́ kí n dárúkọ ènìyàn kan. Ní Òkè-Ọ̀dàn, amọ̀kòkò kan wà tó ń jẹ́ Abátàn. Ìkòkò Ẹyìnlẹ̀ ni òkìkí rẹ̀ fi kàn, èyí tí àwọn olùsìn fi ń kó ọta inú odò pa mọ́ sínú omi. Ọmọrí ìkòkò náà ní apá tó tẹ̀ kọdọrọ lọ sókè tó pàdé bí adé, ère obìnrin kan sì wà lókè rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1960, ará Amẹ́ríkà kan, Robert Farris Thompson, wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ti di arúgbó nígbà náà. Thompson jókòó tì í, ó bi í léèrè ọ̀rọ̀, ó yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, ó sì kọ ọ́ jáde ní 1969. Orúkọ Abátàn ló fi ṣe àkọlé.

Kí ni mo rí nínú ìyẹn? Ohun méjì ni. Èkíní, ìyá yìí kò ní lẹ́tà ìfẹ̀yìntì. Bó ṣe ń dàgbà ni àwọn olùsìn ń gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ sílé wọn. Ẹni tó ń wá ọmọ, ẹni tó ń wá àlàáfíà, ìkòkò ìyá àgbà ni yóò máa gbàdúrà sí níwájú. Èkejì, a mọ orúkọ rẹ̀ lónìí nítorí pé ẹnì kan béèrè. Ẹ lọ sí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé ní ìlú òyìnbó, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ ọ̀pọ̀ ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́: Yorùbá, igi, ọ̀dà. Orúkọ agbẹ́gilére ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Ti Ìyálàṣẹ tó fún un láṣẹ, ti àwọn obìnrin tó ni aṣọ, ẹ má wulẹ̀ wá a. Ṣé òyìnbó nìkan ló jẹ̀bi ni? Àwa náà ńkọ́, tí à ń gbé àwọn oníjó lọ síwájú gómìnà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ọ̀sán gangan, láìsí òru Ẹ̀fẹ̀, láìsí Ìyánlá, láìsí ìbú? A mú ìdí bẹ̀ǹbẹ̀, a fi ìyá sílẹ̀.

Èyí tó burú jù ni ti fíìmù. Ẹ tan tẹlifíṣọ̀n yín nígbàkúùgbà, ẹ ó rí i. Bí arúgbó obìnrin bá ti yọ nínú fíìmù wa, tí kò bá ti sunkún nítorí ọmọ, a jẹ́ pé àjẹ́ ni. Yóò di ẹyẹ, yóò jẹ ọmọ ọmọ rẹ̀, pásítọ̀ yóò wá dè é. Ọ̀rọ̀ kan náà tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mú, ìyẹn agbára ìyá àgbà, ni wọ́n mú. Ṣùgbọ́n ibi tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti kúnlẹ̀, òkúta ni wọ́n ń sọ.

Ẹ má sọ pé eré lásán ni. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ta aṣọ lójú ọ̀nà Ìdírókò fún ọgbọ̀n ọdún ó lé. Nígbà tí orúnkún dá a dúró, ó padà sí agbo ilé wa ní Ayétòrò. A rò pé ó wá sinmi ni. Kò pẹ́, àwọn obìnrin àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í kó owó àjọ wá fún un nítorí pé wọ́n mọ̀ pé kò ní jẹ ẹ́. Ọmọbìnrin tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ aránṣọ tí kò rí onígbọ̀wọ́, òun ló ń dúró fún un. Tọkọtaya tó bá jà lóru, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni wọ́n ń jí sí. Kò ní ìwé mẹ́fà, kò dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, kò sí ẹni tó fi oyè dá a lọ́lá.

Lọ́dún kan, ọmọ kan nínú agbo ilé gun ọ̀kadà, ó ṣubú, ó kú. Nígbà tí wọ́n ń sunkún lọ́wọ́, ẹnì kan sọ ọ́ pé àfi ká wo ọwọ́ ìyá yẹn. Kò lẹ́rìí. Ohun tó rí nínú fíìmù ló ń tún sọ, mo mọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Kò sí ẹni tó lù ú, kò sí ẹni tó lé e. Wọ́n kàn jáwọ́ nínú àjọ ni. Ilẹ̀ mọ́, kò sí ẹni tó wá kí i. Èmi náà, n kò ní purọ́, ọjọ́ tí mo délé, ẹnu ọ̀nà ni mo ti kí i, n kò wọlé. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ó kú. Ìgbà yẹn ni agbo ilé wá rí i pé kò sí ẹni tí yóò parí ìjà mọ́. Àwọn obìnrin kan kó owó àjọ fún ọmọkùnrin kan, ó gbé e sá lọ. Ògiri ti wó, kálukú ń wá ibi tí yóò fẹ̀yìn tì.

Ìdí nìyí tí n kò fi lè wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bí ìran lásán mọ́. Síbẹ̀, alárìíwísí tí kò bá rí àléébù kankan kò tíì la ojú. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ náà ní ibi tó kù sí. Ọkùnrin ló ń jó o, ọkùnrin ló ń gbẹ́ ère rẹ̀. A ń yìn obìnrin, àmọ́ kì í ṣe òun ló wà lábẹ́ ìbòrí. Ẹ̀ẹ̀kejì, ìyá ni orin gbogbo ń kí. Obìnrin tí kò rọ́mọ bí ńkọ́? Ìtàn àtijọ́ tilẹ̀ sọ pé Yemọja fúnra rẹ̀ wá ọmọ títí, kí Ifá tó ní kó rúbọ, kó gbé ère sórí, kó sì jó. Ó wá bí Ẹ̀fẹ̀ àti Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n ọmọ ló fi parí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi yẹn kò bímọ kankan láyé rẹ̀, ìdí tí ẹ̀sùn fi tètè lẹ̀ mọ́ ọn nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹni tó bá jó fún ìyá lóru ọjọ́ kan tí ó pa á tì ní ọjọ́ yòókù, ijó rẹ̀ kò jẹ́ nǹkan kan.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe fíìmù kò pọ̀. Ẹ fún wa ní ìyá àgbà kan ṣoṣo tó ń mú owó àjọ dání, tó ń parí ìjà, tí kò sì di ẹyẹ lóru. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lọ síwájú àlejò, ẹ jẹ́ kí Ìyálàṣẹ bá yín jókòó níwájú, kí ẹ dárúkọ rẹ̀ kí ẹ tó dárúkọ gómìnà. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹ bá délé lọ́dún yìí, tí ẹ sì rí ìyá kan tó fẹ̀yìn ti ògiri lẹ́nu ọ̀nà, ẹ má ṣe kí i láti òkèèrè. Ẹ wọlé. Ẹ béèrè orúkọ rẹ̀ àti iṣẹ́ tó ṣe. Kí ẹ sì wo ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa, ẹ wo ẹni tó fẹ̀yìn ti ẹnìkejì.